Bí Ọyẹ́ Bá Mú n'Íbàdàn, Ẹ Lọ Wo Omi l'Ékòó

Àwa ará Ìbàdàn mọ Èkó dáadáa, òkun la ò mọ̀. Ẹ bi ẹni tó bá jókòó tì yín nínú mọ́tò ní Challenge ní ìdájí pé kí ló ń lọ ṣe. Á ní òun fẹ́ lọ gba físà, tàbí òun fẹ́ lọ sin ọmọ òun dé pápákọ̀ òfurufú n'Íkẹjà, tàbí òun ń lọ kó ọjà ní Ìdúmọ̀tà, tàbí òkú àna òun ni wọ́n ń ṣe ní Mushin. Bó bá ti ṣe tán, ojú ọ̀nà ni. Kò ní í sùn, kò ní í yà síbì kankan. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló máa délé, á wá máa bú Èkó fún gbogbo ará ilé. Èkó tí wọ́n ń kì ní arómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, omi ọ̀hún gan-an la kì í dúró wò. Orí afárá la máa ń gbà kọjá lórí ẹ̀, tí a ó máa wo aago ọwọ́ wa.

Èrò tèmi ni pé ìgbà kan wà lọ́dún tó yẹ kí ará Ìbàdàn kúrò nílé, kó lọ jókòó sétí omi fún ọjọ́ méjì mẹ́ta láìrán an níṣẹ́ kankan. Ìgbà ọyẹ́ ni. Kì í ṣe ọjọ́ Kérésì o, màá dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Ẹ mọ bí ọyẹ́ ṣe ń ṣe wá níhìn-ín. Láti ìparí Dìsẹ́ńbà títí wọ Fẹ́búárì, bí ẹ bá nu tábìlì láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ẹ ti lè fìka kọ orúkọ yín sórí ẹ̀. Ètè á là, gìgísẹ̀ á sán, imú àwọn ọmọ á máa ṣẹ̀jẹ̀, àwọn tó ń ta òrí á wá di ẹni ńlá lọ́jà. Bí ẹ bá gun Láyípo ní Òkè Àrẹ, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936 fún ìrántí Captain Bower, ẹ lè máà rí òrùlé dídípẹtà tí ẹ torí ẹ̀ gun òkè, torí eruku ti bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Odò náà á fà. Ògùnpa tó ń bú ramúramù lóṣù Kẹjọ á di omi ṣẹ́lẹ́rú tí ewúrẹ́ ń fẹsẹ̀ rìn kọjá.

Aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ tó ń ṣe gbogbo èyí ti ń bọ̀, láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn, gbígbẹ ló sì gbẹ. Òmíràn ń ti orí òkun bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ìyẹn ló ń gbé òjò. Àwọn méjèèjì kì í yé ti ara wọn. Nígbà òjò, ti òkun á ti ti Sàhárà padà dé òkè ọya lọ́hùn-ún. Bó bá di Jánúárì, ti Sàhárà á lé ti òkun wálẹ̀ títí dé tòsí etí omi. Ojú ibi tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà yìí ni Èkó wà. Ìdí nìyẹn tí kùrukùru eruku fi lè bo Èkó lówùúrọ̀ bíi tiwa. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán, ilẹ̀ á ti gbóná ju omi lọ, atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti orí òkun wọlé, ọ̀fun tó ti gbẹ á tún rọ̀. Mi ò sọ pé kò sí ooru l'Ékòó o. Ooru ń bẹ. Ṣùgbọ́n ooru tó ń múni làágùn ni, kì í ṣe èyí tó ń gbẹni bíi pańla.

Omi fúnra ẹ̀ náà máa ń níwà lásìkò yìí. Láàárín oṣù Karùn-ún sí Kẹsàn-án, ìjì tó ń jà láàárín agbami òkun, níbi tó jìnnà sí wa réré, ló ń rán ìgbì ńláńlá wá síbi tiwa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbì á rẹlẹ̀ díẹ̀. Ọ̀sà náà á yí padà: odò kò gbé omi wá bíi ti ìgbà òjò mọ́, iyọ̀ òkun á wá ráyè wọlé, iyọ̀ yẹn ló sì máa ń pa koríko tó ń so òdòdó àlùkò, èyí tó ń léfòó bo ojú ọ̀sà, tó ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ẹ bi ọlọ́kọ̀ èyíkéyìí bóyá ó máa ń dárò ẹ̀.

Ní ti Kérésì, ẹ má lọ. Lásìkò tí wọ́n ń pè ní Detty December yẹn, àwọn ọmọ wa tó wà ní London, Houston àti Toronto á ti wọ̀lú pẹ̀lú owó òkèèrè, gbogbo nǹkan á sì gbẹ́nu sókè. Iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó jókòó sórí àga kan létí òkun, ẹ máa rò pé wọ́n ta àga ọ̀hún fún yín ni. Láti Victoria Island dé Lekki, mọ́tò á tò mọ́ra wọn láago méjì òru. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè torí ẹ̀ lọ ní Dìsẹ́ńbà ni orin Kérésì ní Cathedral tó wà ní Marina, nítorí àwọn akọrin wọn mọ iṣẹ́ wọn láti ìran dé ìran. Bí kì í bá ṣe ti ìyẹn, ẹ jẹ́ kí àwọn ọlọ́dún tú ká. Bí àwọn ọmọ bá ti wọlé ẹ̀kọ́ ní Jánúárì, ẹ mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, ẹ máa lọ. Ọyẹ́ á ṣì wà níbẹ̀ dáadáa, etí òkun á ti ṣófo, owó á sì ti wálẹ̀.

Rélùwéè ni kí ẹ bá lọ. Mo mọ̀ pé Mọ́níyà tí wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ jìnnà, pàápàá fún ẹni tó ń bọ̀ láti Àpáta tàbí Challenge, ẹ sì lè máa rò ó pé ẹ ò bá ti fi owó tí ẹ ná dé ibẹ̀ dé Berger. Ẹ ṣì bá a lọ. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2021 ni wọ́n ṣí i, kìlómítà 157 ni, wákàtí méjì àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ló ń gbà. Ojúurin àkọ́kọ́ tó so Èkó mọ́ Ìbàdàn ti wà láti 1901, àwọn bàbá wa ló sì mọ bí ìyẹn ṣe ń fà. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú tuntun yìí ni orúkọ tí wọ́n fún àwọn ibùdókọ̀ ẹ̀. Ti Mọ́níyà ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, ní Ọmí-Àdìó, ń jẹ́ Ládòkè Akíntọ́lá. Àwọn méjèèjì tí ìjà wọn dojú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bolẹ̀ ní 1962 ni ọkọ̀ kan náà wá ń kí báyìí, lójoojúmọ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ ó kọjá Wọlé Ṣóyínká ní Abẹ́òkúta, ẹ ó kọjá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ní Papalantó, ẹ ó sì sọ̀ lọ́dọ̀ Mọ́bọ́lájí Johnson ní Alágomẹ́jì. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Igbó á máa pupa, gbogbo ewé ló ti mu eruku. Bí ẹ bá ń sún mọ́ Agége, pupa yẹn á máa dín kù díẹ̀díẹ̀.

Láti Alágomẹ́jì, ẹ lè wọ dánfó lọ sí CMS. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ráyè, ẹ lọ sí ibùdókọ̀ National Theatre ní Ìgànmú, kí ẹ wọ rélùwéè aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Ibùdókọ̀ kan péré ló kù dé Marina, àárín omi ló sì ń gbà. Ìlú Èkó á yọ síta níwájú yín látorí omi bó ṣe ń yọ sí àwọn tó ń wọkọ̀ òkun wá láyé ìjọ́un. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo rí àgbàlagbà tó wọ̀ ọ́ lọ, tó tún wọ̀ ọ́ bọ̀, kò níṣẹ́ kankan ní Marina.

Erékùṣù àtijọ́ yẹn ni kí ẹ dúró sí, kì í ṣe Lekki. Ní Oníkàn, gbogbo nǹkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1957, níbi tí mọ́tò Mercedes dúdú tí wọ́n yìnbọn pa Múrítàlá Mùhámọ́ọ̀dù sí ní 13 oṣù Kejì 1976 wà (ihò ọta ṣì wà lára ẹ̀, ẹ fojú yín kà á); Freedom Park tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ti Herbert Macaulay àti Awólọ́wọ̀ mọ́lé rí; àti John Randle Centre tó ń sọ ìtàn Yorùbá. Èyí tó kẹ́yìn yìí ní ìtàn tó dùn mọ́ mi ju ohun tó wà nínú ilé náà lọ. Dókítà Randle ló fẹ́ kí àwọn ọmọ Èkó mọ̀wẹ̀, nítorí omi ń gbé wọn lọ. Ìjọba àwọn òyìnbó ò dá a lóhùn, ló bá fi owó ara ẹ̀ kọ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀ ní 1928. Èkó lèyí o, níbi tí omi yí ká. Ẹ wá wo àwa ará òkè.

Torí ká sọ òótọ́, àwa ará òkè kò fìgbà kan rí bá omi ṣọ̀rẹ́. Ẹ wọ inú Cathedral Marina, ẹ béèrè ibi tí wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sí. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 ló kú, l'Ékòó níbẹ̀, nínú ọyẹ́. Itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí, kí wọ́n tó gbé e wá síbẹ̀ ní 1976. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n mọ́ Bíbélì. Ohun tí a kì í rántí ni pé ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, Ọ̀ṣọ́ọ̀gùn ni wọ́n ti kó o lẹ́rú ní 1821, nígbà tó wà lọ́mọ bíi ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí wọ́n fi mú un dé etí omi. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, ó ní kò sóhun tó bà òun lẹ́rù nígbà náà tó omi tí òun rí yẹn, àti ìrònú pé ayé mìíràn ni wọ́n ń gbé òun lọ. Gbígbé ni wọ́n gbé e sínú ọkọ̀. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti Ọ̀yọ́ wá sí etí òkun láyé ìgbà yẹn, kò sí pé wọ́n ń lọ gbafẹ́. Mo máa ń ronú kan èyí bí mo bá gbọ́ tí àwọn àgbà n'Íbàdàn ń sọ pé kí ọmọ má sún mọ́ omi.

Omi tiwa fúnra ẹ̀ náà kì í sì í ṣe ẹni ire. Ní 31 oṣù Kẹjọ 1980, Ògùnpa kó ilé àti èèyàn lọ. Omíyalé ni a ń pè é títí dòní, àwọn kan ṣì ń fi ka ọjọ́ orí ọmọ wọn. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2011, èèyàn tó bá a lọ sì lé ní ọgọ́rùn-ún.

Màámi ni mo mú lọ ní Jánúárì tó kọjá. Oníṣòwò aṣọ ni wọ́n, wọ́n sì ti ń kó ọjà ní Ìdúmọ̀tà àti Gútà láti ìgbà tí ọjà aṣọ wa ṣì wà ní Gbági àtijọ́. Ẹ máa rò pé wọ́n á ti mọ gbogbo ojú omi Èkó lámọ̀dunjú. Wọn ò rí òkun rí. Ọ̀sà tí wọ́n ń rí látorí afárá ni wọ́n kà sí òkun, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n.

A wọ ọkọ̀ ojú omi ní jẹ́tì CMS, Tarkwa Bay là ń lọ. Kò sí títì tó dé ibẹ̀, ìdí tó fi wù mí nìyẹn. Ọmọkùnrin tó ń tukọ̀ na jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn kan sí Màámi.

"Màmá, ẹ bá mi fi èyí wọ̀."

"Èyí tó ń rùn yìí?"

"Omi ló ń rùn, mà. Ẹ fi ọwọ́ yìí bọ ibí."

Wọ́n wọ̀ ọ́ lórí bùbá. Wọ́n tú ìró wọn, wọ́n tún un ró, wọ́n sì rí i dájú pé owó tó wà létí ẹ̀ kò níbi tó ń lọ. Wọ́n wá yíjú sí i.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ìlàjẹ ni mí, mà."

"Ṣé o mọ̀wẹ̀?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, kí n tó mọ̀ ọ́n rìn ni mo ti mọ̀ ọ́n wẹ̀."

"Ó dáa. Tèmi ni kó o kọ́kọ́ mú o. Èyí," wọ́n nàka sí mi, "ó ti kàwé, á bá ara ẹ̀ wá nǹkan ṣe."

Ọkọ̀ gbéra. Ilé gogoro Marina wà lápá òsì, èbúté Àpápá wà lápá ọ̀tún, níbi tí ọkọ̀ òkun tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ dúró sí pẹ̀lú àpótí irin lórí ara wọn. Mo rò pé ó yẹ kí n wí nǹkan, ni mo bá sọ fún wọn pé omi Ògùnpa wà nínú eléyìí. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí: Ògùnpa ń ṣàn lọ bá odò Ọ̀nà, èyí tí wọ́n sé ní Ẹlẹ́yẹlé, odò Ọ̀nà náà á máa bọ̀ wálẹ̀ títí á fi wọ ọ̀sà, ọ̀sà sì ń bọ́ sínú òkun. Wọ́n wo omi títí. Ìyá wọn àgbà ní ṣọ́ọ̀bù ní Agbeni nígbà Omíyalé.

"Ògùnpa nìyí?" ni wọ́n wí. "Ó wá ń ṣe jẹ́jẹ́ báyìí. Kò bi wá pé aṣọ wa ńkọ́."

Ní Tarkwa Bay, wọn ò kọ́kọ́ fẹ́ sún mọ́ omi. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ná àgbọn lọ́wọ́ obìnrin kan títí obìnrin náà fi ní òun ò tà mọ́, wọ́n tún rà á ní iye tó kọ́kọ́ pè. Lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n ká ìró dé orúnkún, wọ́n lọ dúró síbi tí ìgbì ń kú sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀ mọ ohun tí omi máa ń ṣe: bó bá ń padà, á kó yanrìn kúrò lábẹ́ gìgísẹ̀ yín, ẹ ó máa rì díẹ̀díẹ̀ lórí ìdúró. Màámi figbe ta. "Ilẹ̀ ń lọ! Ilẹ̀ ń lọ lábẹ́ mi!" Wọ́n di ejìká mi mú, wọn ò sì jáde o. Omi mìíràn dé, wọ́n tún pariwo, wọ́n tún dúró. Wọ́n bu omi sọ́wọ́, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n tu ú dànù, wọ́n ní ẹni tó da iyọ̀ yìí kò ṣahun. Bí a ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn títí oòrùn fi rọ̀.

Ìdí tí mo fi mú wọn lọ síbẹ̀ dípò àwọn etí òkun Lekki ni pé Tarkwa Bay fara pamọ́ sẹ́nu ọ̀nà èbúté, ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ sínú omi ló ń gba ìgbì dúró fún un. Ibòmíràn tó kọjú sí agbami gbangba, omi ibẹ̀ ń fà. Ọdọọdún la ń gbọ́ pé ó gbé ọ̀dọ́ tó wá ṣe ọdún lọ. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé omi ń fà yín lọ sínú, ẹ má bá a jà pé ẹ fẹ́ yíjú padà sí ilẹ̀ tààrà, á tán yín lágbára. Ẹ wẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ máa bá etí òkun lọ, títí ẹ ó fi kúrò lójú ibi tó ti ń fà, kí ẹ tó dorí kọ ilẹ̀. Ẹni tí kò bá sì mọ̀wẹ̀, orúnkún ni kó mọ.

Ògiri òkúta tí mo wí yẹn ní ẹjọ́ lọ́rùn. Láti 1908 ni àwọn òyìnbó ti ń kọ́ ọ kí ọkọ̀ ńlá lè máa rí ọ̀nà wọ Èkó, torí yanrìn ló dí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n létí òkun wa yìí, yanrìn kì í jókòó: ìgbì ń gbé e láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, lójoojúmọ́ ayé. Bí ògiri ṣe dábùú ọ̀nà, yanrìn ń gbá jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, èyí tó yẹ kó dé Bar Beach ò dé mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach. Ó jẹ ẹ́ títí tó fi ń da omi sórí títì Ahmadu Bello. Bar Beach tí àwọn aláṣọ funfun ń gbàdúrà sí, tí èrò wọ́ lọ wò bí wọ́n ṣe ń yìnbọn fún àwọn adigunjalè ní 1971, kò sí mọ́. Eko Atlantic ni wọ́n kọ́ sójú ẹ̀, wọ́n sì fi òkúta ńlá mọ odi sí i kí òkun má bàa padà wá gba ilẹ̀ ẹ̀. Òkun náà kúkú ti wá nǹkan mìíràn jẹ síwájú: abúlé Okun Alfa lọ́nà Lekki ń mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹ bá dúró sí Tarkwa Bay, tí ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn, ẹ lè rí àwọn ilé gíga náà lórí yanrìn tuntun yẹn. Èmi ò lè rà níbẹ̀ bí wọ́n bá tiẹ̀ fún mi lówó ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ àbúrò Màámi tó ń gbé Àjàh fi mọ́tò gbé wa lọ sí Lekki. Ọgbà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ẹranko igbó wà níbẹ̀, àwọn ọ̀bọ rẹ̀ kò bẹ̀rù èèyàn, afárá orí igi rẹ̀ tó gùn ní mítà 401 sì ń mì. Mo dá gùn ún. Màámi ní òkun tó, àwọn ò tún fẹ́ kí nǹkan mìíràn máa lọ lábẹ́ àwọn. Ibi tí wọ́n ti jí ni Nike Art Gallery, ilé tí Ìyá Níkẹ̀ẹ́ Ọ̀kúndayé, ọmọ Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí, kó iṣẹ́ ọnà kún láti ìsàlẹ̀ dókè. Èmi ń wo àwòrán; àwọn ti wà nídìí àdìrẹ. Wọ́n rí ọ̀kan tó jẹ́ Ìbàdàndùn, tí wọ́n ya òpó Mápó sí pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn. Mo yọ̀ bí ẹni tó rí ará ilé lẹ́yìn odi. Àwọn kò yọ̀ rárá, ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n yí wò.

"Bó bá jẹ́ ẹlẹ́kọ tòótọ́," wọ́n ń ṣàlàyé fún ọmọbìnrin tó dúró tì wọ́n, "ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ìyẹ́ ya ẹ̀kọ láfún sí. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dúdú ju iwájú. Bí ojú méjèèjì bá dọ́gba, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, mà."

Ẹ̀yìn dúdú. Wọ́n gbórí fún un, wọ́n ní ó dáa, wọn ò rà á. Wọ́n ní àwọn ò lè wá ra Mápó l'Ékòó.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kan sí i, Àgbádárìgì ló kù. Ọ̀nà jìn láti Mile 2, kí ẹ sì jí lọ. Ilé alájà tí àwọn oníwàásù ìjọ CMS (Church Missionary Society) parí ní 1845 ṣì dúró níbẹ̀, ó kọjú sí omi. Ilé tí Ṣẹ̀ríkí Abass ń kó ẹrú pamọ́ sí wà níbẹ̀, yàrá tóóró tó jẹ́ pé ẹ ò ní í fẹ́ dúró pẹ́ nínú ẹ̀. Ẹ ó wọ ọkọ̀ kọjá sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, ẹ ó sì fẹsẹ̀ rìn lórí yanrìn lábẹ́ igi àgbọn dé ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn wa wọ ọkọ̀ òkun. Èmi ti débẹ̀. Mo gbà pé nínú ọyẹ́ ló yẹ kí èèyàn rìn ín, torí oòrùn ibẹ̀ kì í ṣeré, kùrukùru ló ń gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀.

A ò ráyè lọ lọ́tẹ̀ yìí. Màámi ní ti ọdún tó ń bọ̀ dọwọ́ àwọn. Wọ́n ti pe obìnrin alágbọn Tarkwa Bay lórí fóònù (ìgbà wo ni wọ́n gba nọ́ńbà ẹ̀, mi ò mọ̀), ó sì ti sọ fún wọn pé Àgbádárìgì ni òun ti ń rà á, àti iye tí ọgọ́rùn-ún ń lọ níbẹ̀. Mo ní, Màámi, ìgbafẹ́ la fẹ́ lọ ṣe o. Wọ́n ní àwọn gbọ́, ṣé rélùwéè yẹn ò ní ibi tí wọ́n ń gbé ẹrù sí ni.